Àkọ́kọ́ Nínú Agboolé: Kí Ló Ń Dá Ọmọ Oko Ìbàdàn Padà Lẹ́nu Ọ̀nà Yunifásítì?

Àjíbọ́dè wà lẹ́yìn ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn gan-an, abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé ló sì wà, bíi Mọ́níyà àti Ìrókò. Láti 1948 ni yunifásítì náà ti wà nílùú Ìbàdàn. Ní 1952 ló kó láti Ẹlẹ́yẹlé wá sórí ilẹ̀ tó wà títí di òní. Síbẹ̀, bí ènìyàn bá kúrò ní Mọ́níyà tó wọ abúlé lọ, tàbí tó gba Láàlúpọn lọ ní Lágelú, tó yà sí Ẹ̀rúnmu ní Ẹgbẹ́dá, tó dé Àkánrán àti Ọlọ́runṣògo ní apá Ọ̀nà-Àrà, yóò bá agboolé lóríṣiríṣi tí ẹnì kan kò tíì gboyè yunifásítì jáde níbẹ̀ rí. Ọmọ tó wà ní SS3 lọ́wọ́lọ́wọ́ ni wọ́n ń wò pé yóò ṣe àkọ́kọ́.

Bí a bá ti dárúkọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀, owó ni ọ̀rọ̀ tó máa ń kọ́ yọ lẹ́nu wa. Owó ń jà lóòótọ́, a ó sì dé orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá tọ àwọn ọmọ yìí lẹ́sẹ̀ láti SS3 títí dé ọdún tó yẹ kí wọ́n jáde yóò rí i pé ohun tó ń dá ọ̀pọ̀ wọn padà kò tó ohun tí à ń pariwo. Ọjọ́ kan ló kọjá tí wọn kò mọ̀. Fọ́ọ̀mù kan wà tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún wọn. Ìbéèrè kan wà tí ojú ń tì wọ́n láti bi olùkọ́. Àwọn àgbà ní ẹni iwájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ọmọ tó jẹ́ àkọ́kọ́ kò ní ẹni iwájú kankan. Òun ló ń já sí kòtò kí àbúrò rẹ̀ tó gbọ́n.

Àtẹ̀gùn tó ti wó

Ọmọ àgbẹ̀ ti ń wọ yunifásítì tipẹ́. Ọmọ àgbẹ̀ ni Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ fúnra rẹ̀. Bàbá rẹ̀ kú ní 1920, ó fi iṣẹ́ oríṣiríṣi tọ́ ara rẹ̀, ó sì gboyè nínú ìmọ̀ ìṣòwò láti Yunifásítì London ní 1944 nípa ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ nínú lẹ́tà. Ìjọba rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ jákèjádò Ìwọ̀-Oòrùn ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní 1955, nígbà tí Stephen Awókòyà jẹ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́.

Gbogbo ènìyàn ló rántí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ yẹn. Ohun tí a kì í sábà rántí ni pé àtẹ̀gùn wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ tó bá ka ìwé mẹ́fà tán lè lọ sí ilé-ìwé Mọ́dàn, kó di tísà kékeré, kó lọ gba ìwé ẹ̀rí tísà Grade Three, kó padà wá ṣiṣẹ́, kó tún lọ gba Grade Two. Ó ń gun àtẹ̀gùn, owó oṣù sì ń wọlé fún un. Bí ó bá fi máa dé yunifásítì, ó ti di géńdé tó ń bọ́ ara rẹ̀, tó sì ti mọ bí ilé ẹ̀kọ́ ṣe ń rìn. Irú ọ̀nà tísà yìí ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínwùmí Ìṣọ̀lá, ẹni tó kọ *Ẹfúnṣetán Aníwúrà*, gbà: ilé-ìwé Mẹ́tọ́díìsì ní Lábọ́dé, Wesley College ní Ìbàdàn, lẹ́yìn náà Yunifásítì Ìbàdàn.

Tísà ìgbà náà tún máa ń gbé inú abúlé. Bàbá ọmọ mọ ilé rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ lè bá a ní ìta gbangba níbi tó ti ń bá ará oko ka lẹ́tà, ó sì lè pe bàbá kan sí kọ̀rọ̀ pé, “Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ọmọ yìí dúró síbí o. Ìdánwò kan ń bọ̀ ní oṣù tó ń bọ̀.” Gbólóhùn kan bẹ́ẹ̀ ti gbé ènìyàn dé ibi gíga. Lónìí, ọ̀pọ̀ tísà tó ń kọ́ni lóko ló ń ti ìgboro Ìbàdàn wá lárààárọ̀. Bí wọ́n bá jáde ní ọ̀sán, wọ́n á sáré wá mọ́tò tí yóò gbé wọn padà.

Kòkó ló gbé owó tó kù jáde nígbà náà. Bàbá tí owó kò bá tó lọ́wọ́ rẹ̀ a fi oko kòkó dógò kí ọmọ lè lọ. Ṣùgbọ́n láti àwọn ọdún 1940 ni àrùn tó ń mú ẹ̀ka kòkó wú ti bẹ̀rẹ̀ sí í jà ní agbègbè Ìbàdàn, ìjọba sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé igi kòkó lulẹ̀. Owó orí tún le mọ́ àgbẹ̀ títí tó fi di ogun Àgbẹ́kọ̀yà ní 1968 àti 1969, tí Táfá Adéoyè ará Àkánrán jẹ́ aṣáájú fún. Ní 2024, owó kòkó lágbàáyé kọjá 10,000 dọ́là fún tọ́ọ̀nù kan, ṣùgbọ́n ẹni tí oko kòkó bàbá rẹ̀ ti di oko ẹ̀gẹ́ kò rí nǹkan mú níbẹ̀.

Àtẹ̀gùn náà sì wó díẹ̀díẹ̀. Ìjọba sọ NCE di ìwé ẹ̀rí tó kéré jù lọ tí tísà gbọ́dọ̀ ní, Grade Two sì kógbá sílé. Ọmọ SS3 òde òní gbọ́dọ̀ fò láti ilẹ̀ dé òkè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láìsí owó oṣù kankan láàárín.

JAMB, NIN àti ọmọ tí kò ní fóònù

Ọdún 1978 ni wọ́n dá JAMB sílẹ̀. Láti 2015, kọ̀ǹpútà nìkan ni wọ́n fi ń ṣe ìdánwò rẹ̀. Kí ọmọ tó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà yẹn, ó gbọ́dọ̀ ti ní NIN, ó gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà fóònù tirẹ̀, ó gbọ́dọ̀ fi NIN náà ránṣẹ́ sí 55019 tàbí 66019 láti gba kóòdù, kó ra ePIN, kó tó lọ tẹ̀ka ní ibùdó CBT. Ní ilé tó jẹ́ fóònù ìyá ni gbogbo ọmọ ń lò, tí orúkọ inú NIN kò sì bá ti inú ìwé WAEC mu, ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan lè gba ọ̀sẹ̀ kan àti owó mọ́tò.

Ibùdó ìdánwò kì í sí lóko. Ní 2025, aago mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀ ni wọ́n ní kí àwọn tó wà ní ìpín àkọ́kọ́ ti dé ẹnu ọ̀nà. Kò sí mọ́tò tí yóò gbé ọmọ láti abúlé lẹ́yìn Ìrókò dé Ìbàdàn ní àsìkò yẹn. Àfi kó ti lọ sùn lọ́dọ̀ ìbátan láti alẹ́ àná. Bí kò bá ní ìbátan nígboro ńkọ́? Ó sì lè jẹ́ pé ọjọ́ náà gan-an ni yóò kọ́kọ́ di eku kọ̀ǹpútà mú. Nínú èsì 1,955,069 tí JAMB kọ́kọ́ gbé jáde lọ́dún náà, èyí tó ju mílíọ̀nù kan àbọ̀ lọ ni kò tó 200 nínú 400. 200 yẹn gan-an sì ni Yunifásítì Ìbàdàn kì í gba ohun tó bá kéré sí i.

Àwọn tó bá yege kò tíì bọ́. Ká ní ọmọbìnrin kan láti ẹ̀yìn Láàlúpọn gba 214, ó sì tún ṣe dáadáa nínú ìdánwò ti yunifásítì fúnra rẹ̀. Bàbá rẹ̀ rò pé wọ́n á lẹ orúkọ mọ́ pátákó bí wọ́n ti ń ṣe láyé àtijọ́, tàbí kí lẹ́tà wá. Ṣùgbọ́n láti 2017, orí CAPS, ìkànnì JAMB, ni gbogbo rẹ̀ wà. Ó yẹ kí èsì WAEC ọmọ náà ti wà lórí ìkànnì yẹn. Nígbà tó ń ra fọ́ọ̀mù, èsì kò tíì jáde, ọmọkùnrin inú kafé sì kọ ọ́ pé ó ń retí èsì. Èsì dé, kò sẹ́ni tó sọ fún un pé kó padà lọ gbé e sórí ìkànnì. Lójú kọ̀ǹpútà, ọmọ yìí kò ní WAEC. Ẹlòmíì wà tí wọ́n ti fún ní àyè, bọ́tìnì kan ṣoṣo tó yẹ kó tẹ̀ láti fi hàn pé òun gbà á ni kò tẹ̀, títí àsìkò fi kọjá. Ọmọ lóyè, bàbá ti ta ẹ̀gẹ́ sílẹ̀ dè é, síbẹ̀ ọdún kan ti lọ. Ọmọ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti gba ọ̀nà yìí kọjá rí kò lè ṣe irú àṣìṣe yẹn, nítorí ẹ̀gbọ́n á ti bi í ní alẹ́ ọjọ́ tí èsì jáde pé, “O ti ṣe upload?”

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ìyẹn náà sì wà lára ohun tí wọn kì í gbọ́. Politẹ́kíníkì Ìbàdàn wà láti 1970; àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ wà ní Moor Plantation àti Jẹ́ríkò. Ẹni tó bá gba OND tàbí NCE lè ṣiṣẹ́ díẹ̀ kó fi Direct Entry wọ yunifásítì. Ìyókù àtẹ̀gùn àtijọ́ nìyẹn. Ọmọ tó ti ṣe JAMB lẹ́ẹ̀mẹta nítorí Medicine ì bá ti wà ní ọdún kejì níbòmíì ká ní ẹnì kan ti là á yé e.

Owó tí kò sí nínú ìwé owó

Yunifásítì ìjọba àpapọ̀ kì í gba owó ẹ̀kọ́ gan-an lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Owó oríṣiríṣi mìíràn ni wọ́n ń gbà, ó sì ti fò sókè. Ní oṣù Keje 2023, Yunifásítì Èkó kéde pé owó tó wà ní nǹkan bí 19,000 náírà yóò kọjá 100,000. Akẹ́kọ̀ọ́ figbe ta kí wọ́n tó bu díẹ̀ kúrò nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ owó ilé ẹ̀kọ́ kì í sì í ṣe eré nílẹ̀ yìí: ní 1978, nígbà rògbòdìyàn “Ali Must Go” tí àfikún owó dá sílẹ̀, ẹ̀mí akẹ́kọ̀ọ́ bọ́. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023 tí wọ́n ti yọ ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, owó mọ́tò tún ti di ẹrù mìíràn. Láti Láàlúpọn, èrò á gba Ìyànà Ṣọ́ọ̀ṣì àti Mọ̀nátán dé Ìwó Road, á tún wọ mọ́tò mìíràn kó tó dé ọgbà yunifásítì. Ọmọ tó bá ń lọ tó ń bọ̀ lójoojúmọ́ lè ná owó mọ́tò láàárín ọdún ju owó ilé ẹ̀kọ́ lọ.

NELFUND, ètò ẹ̀yáwó tí ìjọba àpapọ̀ ń ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́, jẹ́ ìgbésẹ̀ gidi. Òfin àkọ́kọ́ tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní oṣù Kẹfà 2023 ní kí owó tó ń wọlé fún ìdílé má kọjá 500,000 náírà lọ́dún, kí akẹ́kọ̀ọ́ sì ní onídùúró. Òfin tuntun ti oṣù Kẹrin 2024 pa ìyẹn rẹ́. Ìkànnì ṣí ní oṣù Karùn-ún ọdún náà. Wọ́n ń san owó ilé ẹ̀kọ́ tààrà fún ilé ẹ̀kọ́, wọ́n sì ń fún akẹ́kọ̀ọ́ tó bá béèrè ní 20,000 náírà lóṣù fún oúnjẹ. Kò ní èlé, ohun tó ṣe pàtàkì gan-an fún Mùsùlùmí tó ń sá fún ríbà, ìyẹn owó èlé. Ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù ni wọn yóò máa yọ, lẹ́yìn ọdún méjì tí ọmọ bá ti sin ìlú tán tó sì ríṣẹ́.

Ibi tó kù sí ni pé owó tó ń kọ́ ọmọ lọ́rùn kì í dúró de ẹ̀yáwó. Owó ìtẹ́wọ́gbà àyè, owó ilé gbígbé, mátírẹ́ẹ̀sì, aṣọ funfun fún láàbù: gbogbo rẹ̀ ń bọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bàbá tí ẹ̀gẹ́ rẹ̀ kò tíì gbó á pe àwọn obìnrin tó ń ṣe gàrí wá sóko, wọ́n á wo ilẹ̀, wọ́n á dá owó lé e nígbà tó ṣì wà nínú ebè, iye tí wọ́n bá sì fún un ló máa gbà, nítorí wọ́n mọ̀ pé owó ń lé e. Ní 2025, NELFUND fúnra rẹ̀ figbe ta pé àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan gba owó láì jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀. Ọmọ tí kò ní ẹni tó lè bá a béèrè á ti sanwó náà lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbọ́. Gbèsè fúnra rẹ̀ sì ń ba àwọn kan lẹ́rù. Ní ilẹ̀ tí ìtàn ìwọ̀fà kò tíì kúrò lẹ́nu àgbà, ìyá lè ní, “Ìjọba á wá kó ilé wa.” Kò sí nínú òfin, ṣùgbọ́n ta ni yóò ṣàlàyé fún un?

Nínú kíláàsì

Ọmọ dé, ó wọlé, ó bá ènìyàn ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú gbọ̀ngàn kan. Olùkọ́ ń sọ Gẹ̀ẹ́sì wéréwéré. Nílé-ìwé tó ti wá, Yorùbá ni tísà fi ń la fisíìsì yé wọn, kó tó kọ nóòtì lédè Gẹ̀ẹ́sì sójú pátákó. Àbùkù kọ́ nìyẹn: ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970 fi hàn pé ọmọ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kì í ṣẹ́yìn, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ṣùgbọ́n ètò yẹn fara balẹ̀ kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Ilé-ìwé oko lónìí kò rí ìkankan ṣe dójú àmì nínú méjèèjì.

Àwọn òfin tí kò sí nínú ìwé tún wà. Ta ni course adviser, kí ni wọ́n ń lọ ṣe lọ́dọ̀ rẹ̀? Ọmọ olùkọ́ yunifásítì mọ̀ láti ilé pé èèyàn lè kanlẹ̀kùn ọ̀jọ̀gbọ́n kó bi í ní ìbéèrè. Ọmọ oko ti gbọ́ láti kékeré pé ọmọdé kì í dá sí ọ̀rọ̀ àgbà, ó sì dákẹ́. Olùkọ́ rò pé ó yé e. Ìgbà tí èsì sáà àkọ́kọ́ bá jáde, kẹ́rí-ófà ti di mẹ́ta, ó sì lè máà mọ̀ pé máàkì sáà yẹn yóò máa bá òun lọ dé ọdún ìkẹyìn.

Ìyanṣẹ́lódì tún wá. Ti ASUU, ẹgbẹ́ olùkọ́ yunifásítì, ní 2020 gba bí oṣù mẹ́sàn-án. Ti 2022 bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì, ó sì parí ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá. Ọmọ olówó lọ sí yunifásítì aládàáni. Ọmọ oko padà sí ẹ̀yìn ọkọ́, tàbí ó gun ọ̀kadà, tàbí ó bá bíríkìlà ṣiṣẹ́. Owó ojoojúmọ́ dùn. Àwọn kan kò padà.

Láàárín ẹgbẹ́, láàárín ilé

Ìtìjú ni ọ̀rọ̀ tó pọ̀ jù lápá yìí, ó sì ṣòro láti rí. Ọmọ gbé gàrí àti èlùbọ́ wá láti ilé nínú Ghana-must-go, ó ń jẹun 0-0-1, ìyẹn alẹ́ nìkan, ṣùgbọ́n ó ń sọ fún ẹgbẹ́ pé òun ń gbààwẹ̀. Ó ń skwọ́tì nínú yàrá ẹlòmíì ní Àgbowó tàbí nínú họ́sítẹ́ẹ̀lì, orí ilẹ̀ láàárín bẹ́ẹ̀dì méjì, ó sì gbọ́dọ̀ jáde kó tó di pé alábàáyàrá jí. Bí ẹgbẹ́ bá ń dáwó fún nǹkan, á ní òun ń lọ kàwé. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀ títí, wọ́n á ní agbéraga ni. Inú ẹgbẹ́ yẹn gan-an sì ni ìròyìn ti ń jáde: ìbéèrè ìdánwò ọdún tó kọjá, ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí, àyè ìkọ́ṣẹ́ (IT) ní ibùdó ìwádìí ọ̀gbìn IITA. Ẹni tí ìtìjú lé jáde nínú ẹgbẹ́, ó lé e jáde nínú ìròyìn.

Àwọn ará ilé náà kì í jẹ́ kó sinmi. Ìsìnkú, ìgbéyàwó, ìkórè, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń pè é sí, nítorí òbí tí kò wọ yunifásítì rí kò mọ̀ pé ìdánwò ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kì í ṣe ohun tí a lè sún. Bó bá jẹ́ àkọ́bí, àwọn àbúrò ń dúró de ọwọ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ obìnrin, ọdún kọ̀ọ̀kan tó bá sún síwájú ni ẹnì kan ń béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ pé, “Ìgbà wo ni ti ọkọ?” Bí akẹ́kọ̀ọ́ náà bá sì wálé, á bá ọmọ àdúgbò kan tó parí yunifásítì ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn tí kò tíì ríṣẹ́. Kò sí ẹ̀rí tó burú fún ìwé kíkà tó èyí lójú abúlé. Ẹni tó bá fẹ́ gba òbí níyànjú gbọ́dọ̀ ní èsì fún un.

Ohun tí ayé ti dán wò

Ní Amẹ́ríkà, ètò Upward Bound ti ń kó ọmọ tálákà tí òbí wọn kò gba oyè wọ yunifásítì láti àárín àwọn ọdún 1960: wọ́n ń kọ́ wọn láti ilé-ìwé girama, wọ́n sì ń kó wọn gbé inú ọgbà yunifásítì ní àsìkò ìsinmi. Ní 2019, Anthony Abraham Jack kọ *The Privileged Poor*. Ó fi hàn pé ní yunifásítì ńlá tó ti ń san gbogbo owó fún tálákà, wọ́n ń ti ilé oúnjẹ pa ní àsìkò ìsinmi, àwọn tí kò lówó láti lọ sílé sì ń fi ebi sùn. Owó ti wà níbẹ̀. Ẹni tó mọ irú ìgbésí ayé wọn ni kò sí nídìí ètò. Ìwádìí Nicole Stephens àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní 2014 ló ya ènìyàn lẹ́nu jù: wọ́n ní kí àwọn àgbà akẹ́kọ̀ọ́ jókòó bí wákàtí kan pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́ tuntun, kí wọ́n sọ ilé tí wọ́n ti wá, ohun tó ṣòro fún wọn àti bí wọ́n ṣe bọ́ nínú rẹ̀. Ní ìparí ọdún, àlàfo tó wà láàárín máàkì ọmọ àkọ́kọ́ nínú ìdílé àti ti àwọn yòókù dín kù gan-an.

Gúúsù Áfíríkà gba ọ̀nà mìíràn. Lẹ́yìn ìwọ́de #FeesMustFall ti 2015, ààrẹ kéde ní oṣù Kejìlá 2017 pé ẹ̀kọ́ gíga yóò di ọ̀fẹ́ fún ọmọ ìdílé tí owó rẹ̀ kò tó 350,000 ráńdì lọ́dún. Ó ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n owó oúnjẹ àti ilé gbígbé tó ń pẹ́ dé ṣì ń dá ìwọ́de sílẹ̀.

Ibi tó yẹ kí ọwọ́ kàn

Nínú gbogbo èyí, ohun tó wọ́n gan-an, ìjọba ti bẹ̀rẹ̀: ní Ọ̀yọ́, Gómìnà Mákindé fagi lé owó 3,000 náírà tí wọ́n ń gbà ní ilé-ìwé ìjọba ní 2019, NELFUND náà sì wà. Ohun tí owó rẹ̀ kéré ni kò sẹ́ni tó dì í mú.

Ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà lè ní ẹnì kan lẹ́nu iṣẹ́ ní ìkọ̀ọ̀kan, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó mọ orúkọ gbogbo ọmọ SS3 tó ra JAMB, kó mọ ọjọ́ tí èsì jáde, kó pè wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí wọn yóò fi gbé WAEC wọn sórí ìkànnì tí wọ́n sì tẹ bọ́tìnì. Owó oṣù ẹnì kan àti kọ̀ǹpútà kan ni. Yunifásítì Ìbàdàn lè yan wákàtí kan nínú ọ̀sẹ̀ ìgbaniwọlé fún àwọn ọmọ oko ọdún kẹta láti bá àwọn tuntun sọ̀rọ̀, lédè Yorùbá bó bá dùn mọ́ wọn. Àwọn àgbájọ ìlú tó ń ṣe ọjọ́ ìlú lọ́dọọdún lè yọ nínú owó àgọ́ àti gbohùngbohùn láti fi yá ọmọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba àyè ní owó ìtẹ́wọ́gbà, kí bàbá rẹ̀ má baà ta ẹ̀gẹ́ tí kò gbó. Ẹ̀yáwó ìjọba lè wá bá a lẹ́yìn. Mọ́sáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì ní àwọn ọmọ ìjọ tó ti wà ní yunifásítì. Kí wọ́n ní kí ọ̀kọ̀ọ̀kan mú ọmọ SS3 kan.

Ọmọ àkọ́kọ́ tó bá jáde nínú agboolé kan kì í dá jáde. Àbúrò rẹ̀ kò ní pàdánù ọdún kan nítorí bọ́tìnì, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yóò mọ̀ pé a lè kanlẹ̀kùn ọ̀jọ̀gbọ́n, ìyá rẹ̀ yóò sì lè sọ fún aládùúgbò pé ẹ̀yáwó kì í kó ilé. Nítorí náà, iye ọmọ oko tó wọlé lọ́dún kan kò tó láti fi díwọ̀n iṣẹ́ yìí. Kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan máa ka iye agboolé tó rí àkọ́kọ́ tirẹ̀ jáde lọ́dún kọ̀ọ̀kan, kó sì máa kà á jáde fún aráàlú bó ṣe ń ka iye kànga tó gbẹ́.